Ìyàwó Omi Tí Ọkọ Mi Gbé Wálé

Ilé Ládòkun,
Ṣakí.
Ọjọ́bọ̀, ààwẹ̀ ku díẹ̀ kó parí.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Ìyá Fàtímọ̀,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ṣakí níbí, kí ẹ gbà pé orúnkún mi kanlẹ̀. Ẹ kú ààwẹ̀, ẹ kú òǹgbẹ, ẹ kú ìfaradà oòrùn tó ń bá wa jà láìṣẹ̀ yìí. Ṣé ẹsẹ̀ yín ti fúyẹ́? Ṣé Bàbá Fàtímọ̀ ti kọ ebè tán? Àwa náà ń bẹ láàyè, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun, Waheedat sì wà dáadáa níléèwé rẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn. Mo gbà á ládùúrà kí lẹ́tà yìí bá yín nínú ìlera, kó má sì bá yín nídìí oúnjẹ ìṣínu, torí mo mọ̀ yín, ẹ kò ní jẹun mọ́ títí ẹ ó fi kà á tán.

Ẹ ó máa rò ó pé kí ló ṣe Àdùkẹ́ tó fi ń kọ lẹ́tà láyé fóònù. Ẹ má bínú sí mi. Fóònù yín, gbogbo Kisi ló ń bá yín gbọ́ ọ. Ẹ ti gbà pé ohùn kì í dé etí àfi tí ẹ bá ṣí i gbàgà sórí tábìlì ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, n kò fẹ́ kí ẹni tó wá ra ọṣẹ bá yín dá sí i. Wàhábì, awakọ̀ tó ń ná Kisi, ni mo fi rán, mo sì ti lẹ ẹnu àpò ìwé náà pa.

Nígbà tí mo pè yín kẹ́yìn, ẹkún ni mo ń sun. Mo ní n kò ṣe mọ́, mo ní ilẹ̀ Ìtúnu Ààwẹ̀ kò ní mọ́ bá mi nílé ọkùnrin yìí. Ẹ sọ fún mi pé ẹ ti gbá yàrá ẹ̀yìn sílẹ̀ dè mí. Láti ọjọ́ yẹn ẹ ń retí mi, ẹ kò rí mi, ẹ kò sì gbúròó mi. Ìdáhùn ló wà nínú ìwé yìí, ẹ sáà fara balẹ̀.

Ẹ kò tíì fojú rí ohun tí mò ń bá a jowú, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún yín. Àpótí onígíláàsì ńlá kan ló wà ní pálọ̀ mi báyìí, níbi tí kọ́bọ́ọ̀dù mi wà tẹ́lẹ̀. Àwo tánganran tí ẹ rà fún mi nígbà ìgbéyàwó, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń sùn. Omi iyọ̀ ló kún inú àpótí náà, iná aláwọ̀ aró ń tàn lé e lórí, àárín rẹ̀ gan-an ni Ìyàwó Omi jókòó sí. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ẹran òkun ni, èyí tí òyìnbó ń pè ní coral, ṣùgbọ́n bí òkúta ló rí. Tí alápatà bá la orí ewúrẹ́, bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, àfi pé àwọ̀ ewé àti àwọ̀ osùn ló wà lára tirẹ̀. Kò lójú, kò létí, kò lẹ́sẹ̀. Ohun tí kò lójú ló gba ọkọ mọ́ mi lọ́wọ́, Ìyá Fàtímọ̀. Ta ni mo fẹ́ rò ó fún?

Jídà lókè òkun ni ọkọ mi, Bàbá Waheedat, ti mọ irú rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹja òkun ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní gbogbo ọdún tí mo fi dá ọmọ tọ́. Ẹ sì mọ ohun tó wà láàárín àwa méjèèjì láti ọjọ́ tí Kàdírì kú, ọmọkùnrin tí mo lóyún rẹ̀ nígbà tí wọ́n wá sinmi nílé. Ọmọ náà kò tíì rákòrò tí ibà fi mú un lọ, bàbá rẹ̀ kò sì fojú rí i rí àfi nínú fóònù. Kisi lọ́dọ̀ yín ni mo wà, ẹ̀yin lẹ di fóònù mú sí mi létí lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní, “Ọlọ́hun ló fún wa, Òun náà ló gbà á,” fóònù sì kú. Wọ́n kò sunkún. Wọ́n kò béèrè bí mo ṣe ń ṣe. Mo gbé e mì, ṣùgbọ́n kò dà.

Nígbà tí wọ́n wá dé pátápátá, mo ní tèmi ti dé. Mo ra aṣọ títún, mo lé tìróò. Àṣé omi iyọ̀ ni wọ́n ń bọ̀ wá pò. Tí wọ́n bá ti kírun Àsùbáà tán, ìdí àpótí yẹn ni. Wọ́n á tẹ̀ ba, wọ́n á ní, “Ṣé o jí ire?” Èmi náà jí o! Iyọ̀ rẹ̀, láti Èkó. Edé tó ń jẹ, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́ bí ẹni tó ń fún ọmọ tí kò léyín lóúnjẹ, èmi tó jẹ́ pé ẹja ṣàwà ni mo fi ń se ọbẹ̀. Omi kànga wa tí gbogbo àdúgbò ń mu kò tó o. Nígbà ọyẹ́ tí omi inú àpótí ń gbẹ tí iyọ̀ rẹ̀ sì ń le sí i, omi tí wọ́n fi ẹ̀rọ sẹ́ ni wọ́n ń fi kún un díẹ̀díẹ̀, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ètè mi bó lọ́dún yẹn, ẹnìkan kò bi mí.

Èyí tó dùn mí jù ni pé wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀. Tí mo bá bi wọ́n léèrè nípa Jídà, wọ́n á ní, “Iṣẹ́ ni mo lọ ṣe, kí ló tún wà níbẹ̀?” Ṣùgbọ́n tí mo bá wà ní kíṣìnì, mo máa ń gbọ́ wọn níwájú omi, wọ́n ń rojọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nípa ilé tí wọ́n gbé níbẹ̀, nípa ọ̀gá wọn, nípa oòrùn Jídà. Tí mo bá ti yọjú, wọ́n á dákẹ́. Àbí kí lẹ̀yin máa ń pe ọkùnrin tó ń dákẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ bá wọlé?

Obìnrin kan tún wà ní Èkó tó ń jẹ́ Treasure, òun ló ta Ìyàwó Omi fún wọn, òun ló sì ń ta iyọ̀ àti oúnjẹ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. Tó bá pè, ọkọ mi á rẹ́rìn-ín, wọ́n á jáde sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á máa bá a sọ̀rọ̀ títí ọbẹ̀ á fi tutù. Mo tìtorí obìnrin yìí ṣe àìsùn títí mo fi gba fóònù lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ kan. Ọ̀rọ̀ iyọ̀ àti edé ni gbogbo rẹ̀. Ẹ kò mọ bó ṣe dùn mí tó pé kì í ṣe òun. Tó bá jẹ́ òun ni, mo mọ ojú ọ̀nà Èkó.

Lẹ́yìn náà ló wá kan fírísà mi. Ẹ mọ̀ pé omi tútù àti sóbò ni mò ń tà. Sólà tí Bàbá Waheedat fi ọwọ́ ara wọn tò sórí ilé wa ló ń gbé fírísà, iṣẹ́ wọn sì ni. Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń mú omi orogún mi tutù dé, wọ́n ní sólà kò lè gbé méjèèjì pọ̀ lọ́sàn-án, kí fírísà máa ṣiṣẹ́ láàárọ̀ nìkan. Ìyẹn ni pé omi tèmi á máa yọ́ kí tirẹ̀ lè tutù. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo wé gèlè, mo wọkọ̀ lọ sí Komu, mo lọ bá ẹ̀gbọ́n wọn, Alhaji Mákánjúọlá.

Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹjọ́ orogún ni mo bá wá. Mo ní àbúrò wọn ti gbé ìyàwó tuntun wọlé, ó ti fún un ní ilé, ó ń bọ́ ọ, ó ń tù ú lára, ó ń bá a sọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀, kò sì fún ìyálé ní ohun tí ọkọ máa ń fún ìyálé kí inú rẹ̀ lè rọ̀ kí ìyàwó tó wọlé. Alhaji rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọ̀rọ̀ tó ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí i pé èmi kò rẹ́rìn-ín, wọ́n ṣíwọ́, wọ́n ránṣẹ́ pe ọkọ mi.

Ìdájọ́ wọn nìyí. Wọ́n ní ohun tó bá ń jẹun nílé, tí ọkọ ń fọwọ́ ara rẹ̀ bọ́, tó sì ń gba ọkọ lọ́wọ́ ìyàwó, ìyàwó ni, ẹ̀sìn wa sì ní kí ọkùnrin ṣe déédéé láàárín àwọn aya rẹ̀. Láti Alásárì títí di Mọ̀gàríbì, omi ló ni wọ́n. Láti Mọ̀gàríbì lọ, Àdùkẹ́ ló ni wọ́n. Wọ́n ní kí ọkọ mi sì fún mi ní ẹ̀tọ́ ìyálé mi, ohun yòówù kí n béèrè. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀, wọ́n gbà. Wọ́n bi mí bóyá léèsì ni tàbí wúrà. Mo ní kí ọ̀rọ̀ náà sinmi ná, mo ṣì ń rò ó. Àtìgbà náà ni wọ́n ti ń bi mí, àtìgbà náà ni mo ti ń dá a dúró. Ó ń dùn mọ́ mi pé ẹnìkan jẹ mí ní gbèsè nílé yẹn.

Wọ́n pa àdéhùn mọ́ lóòótọ́. Tí a bá ti kírun Mọ̀gàríbì, wọ́n á wá jókòó tì mí bí ọmọ iléèwé tí olùkọ́ ní kó jókòó. Ara wọn wà lọ́dọ̀ mi, etí wọn wà lọ́dọ̀ omi. Tí omi bá ta pó, ọrùn wọn á yí. Ìdájọ́ Alhaji fún mi ní aṣọ, kò fún mi ní ẹni tó wọ̀ ọ́. Ọjọ́ tí ìyẹn yé mi ni mo pè yín tí mo ń sunkún.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bàbá Waheedat lọ sí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí lọ to sólà fún ẹni tó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ. Oòrùn ọjọ́ náà, ewúrẹ́ kò lè dúró nínú rẹ̀. Mo kírun Àílà tán, mo ń gbọ́ òórùn nǹkan tó ń jó. Bátìrì sólà ni. Ẹ̀rọ tó ń mú omi tutù dákẹ́, gbogbo nǹkan dákẹ́. Mo pe Bàbá Waheedat, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ kò dára. Ohun tí mo gbọ́ kò ju pé, “Àdùkẹ́, omi yẹn kò gbọdọ̀ gbóná, ó máa kú,” ohùn sì gé.

Mo jókòó síwájú rẹ̀. Ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀, n kò ní purọ́ nínú ààwẹ̀: inú mi dùn. Mo ní Ọlọ́hun ti jà fún mi. Omi ń gbóná sí i, ara rẹ̀ tó máa ń wú fùkẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sún kì, títí mo fi ń rí egungun funfun láàárín ìlà ara rẹ̀. Mo ń wò ó. Mo wá rò ó síwájú díẹ̀. Tó bá kú, ọkọ mi á sunkún rẹ̀. Wọ́n á máa rántí bó ṣe rẹwà tó. Orogún tó wà láàyè, á ṣàṣìṣe lọ́jọ́ kan. Èyí tó bá kú kì í ṣàṣìṣe mọ́ láéláé, gbogbo ìyókù ayé mi ni màá fi máa bá òkú rẹ̀ du ọkọ. Mo ní rárá o, ìwọ yìí kò ní kú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo dìde.

Píọ́wọ́tà tó ti di yìnyín kún inú fírísà mi láti àárọ̀, ọjà ìṣínu ni, àwọn ará mọ́ṣáláṣí sì ti ní kí n tọ́jú rẹ̀ fún àwọn. Mo fọ ara ọ̀rá wọn mọ́, n kò tú wọn, mo ń jù wọ́n sínú omi náà. Wọ́n léfòó sórí rẹ̀. Èyí tó bá yọ́, màá yọ ọ́, màá fi òmíràn sí i, díẹ̀díẹ̀ kí òtútù má baà pa á. Mo mú abẹ̀bẹ̀, mo ń fẹ́ ojú omi. Òǹgbẹ ń gbẹ mí, Ìyá Fàtímọ̀, ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu, omi tútù wà níwájú mi, wà lẹ́yìn mi, mo sì ń fi í tu ẹlòmíràn lára. Mo ń fẹ́ ẹ, mo ń bú u. Kò sí èébú orogún tí ẹ mọ̀ tí n kò bú u. Morẹ́nikẹ́, ará ilé kejì, wá ra yìnyín, ó bẹjú wo inú pálọ̀, ó ní, “Ìyá Waheedat, orogún yín lẹ ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ fún?” Mo ní yìnyín ti tán.

Ó ku ṣíún kí wọ́n pe ìrun Mọ̀gàríbì nígbà tí ọkọ mi já wọlé, eruku kún ìpéǹpéjú wọn. Mo ní ó tó, wọ́n á ré mi kọjá báyìí, wọ́n á lọ dì mọ́ àpótí. Wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n wo abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n wo fírísà tó ṣófo, wọ́n wo ètè mi. Ládàánì bẹ̀rẹ̀ sí í pè. Wọ́n mú ọ̀rá omi kan tó ti yọ́ kúrò nínú àpótí, wọ́n fi aṣọ wọn nù ún, wọ́n ya etí rẹ̀, wọ́n fi í sí mi lẹ́nu. Wọ́n ní, “Mu.” Iyọ̀ díẹ̀ wà lára ọ̀rá náà. Mo mu ún tán.

Nígbà tí a kírun tán tí wọ́n ti so bátìrì mìíràn mọ́ ọn, wọ́n jókòó tì mí bí Alhaji ṣe wí. Mo ní, “Mo fẹ́ gba ẹ̀tọ́ ìyálé mi lónìí.” Wọ́n ní kí n dárúkọ ohun tí mo fẹ́. Mo ní n kò fẹ́ léèsì, n kò fẹ́ wúrà. Mo ní, “Ohun tí ẹ máa ń bá a sọ nípa Jídà, ẹ sọ ọ́ fún èmi náà.”

Wọ́n wá ní irú rẹ̀ kan wà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, ó fẹ̀ tó ẹnu odó, àwọn ni wọ́n fi ṣe olùtọ́jú rẹ̀. Wọ́n ní ìdí rẹ̀ ni àwọn wà nígbà tí ẹ pe àwọn nípa Kàdírì. Wọ́n ní àwọn pa fóònù nítorí pé ẹkún ti gba àwọn lọ́fun, àwọn kò sì fẹ́ kí n gbọ́ kí tèmi má baà pọ̀ sí i. Wọ́n ní, “Kò sẹ́ni tí mo mọ̀ níbẹ̀ tí mo lè sunkún níwájú ẹ̀, Àdùkẹ́. Òun nìkan ló wà níbẹ̀. Mo sunkún títí wọ́n fi ti ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí mo délé, mo fẹ́ sun ún níwájú ẹ, kò wá. Mo rò pé tí mo bá rí irú ẹ̀ rà, á wá.”

Ìyá Fàtímọ̀, ibẹ̀ gan-an ni owú ti wá mú mi. Gbogbo èyí tí mo ti ń jẹ tẹ́lẹ̀, eré ni. Ẹkún yẹn, tèmi ni. Èmi ni mo bí Kàdírì, èmi ni mo wẹ̀ ẹ́ fún ìgbà ìkẹyìn pẹ̀lú yín. Gbogbo ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo fi ń wá omijé kan ṣoṣo lójú bàbá rẹ̀. Omijé náà wà. Ó bọ́ lóòótọ́. Ẹran tí kò lójú ló rí i.

Bí mo ṣe ń ro ìyẹn, mo rí i tí èjìká wọn ń gbọ̀n. Wọ́n yí ojú sí ọ̀dọ̀ omi bí ìṣe wọn. Mo dìde. Mo tú ìborùn mi, mo fi í bo àpótí yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo pa iná rẹ̀. Mo ní, “Ó ti rí tirẹ̀. Eléyìí, tèmi ni.” Mo padà wá jókòó, mo gbé orí wọn lé itan mi, a sì jọ sunkún ọmọ wa.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má ti yàrá ẹ̀yìn náà pa, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi nìkan ló ń bọ̀. Lẹ́yìn ọdún, àwa méjèèjì ni a ó wá kí yín, a ó sì sùn síbẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mú wọn lọ sí ibi tí a sin Kàdírì sí, wọn kò tíì dé ibẹ̀ rí.

Kí Ọlọ́hun gba ààwẹ̀ wa, kó fi ti ọ̀pọ̀ ọdún kún un fún wa. Kó jẹ́ kí iṣu Bàbá Fàtímọ̀ ta lọ́dún yìí, kó jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín máa rìn lọ ibi ayọ̀. Ohun tí ẹ fi dì mí mú lọ́jọ́ tí ilẹ̀ fẹ́ gbé mi mì, kó má tán lọ́wọ́ yín. Àmín.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ pọ̀n dàgbà,
Misturat Àdùkẹ́.

Ẹ tún gbọ́ o: Ìyàwó Omi ti yè. Ara rẹ̀ ti tún wú, tí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú ó máa ń na àwọn ọwọ́ kéékèèké jáde yí ẹnu ká, tó ń wá edé. Ó rẹwà, kí n má purọ́. N kò tíì sọ ọ́ fún Bàbá Waheedat, ẹ̀yin náà kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́. Ìborùn mi ṣì wà lórí ìṣó lẹ́bàá àpótí náà, ibẹ̀ ni yóò máa wà.